Àárẹ̀ Kì í Ṣe Ìmẹ́lẹ́

 

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí kò ní owó ní báńkì, tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní ilé alájà, ara rẹ̀ ló fi ń ṣòwò. Agbára apá wa ni ọjà tí àwa òṣìṣẹ́ ń tà. Bí ọjà náà bá bàjẹ́, àtijẹ di ìṣòro. Nítorí náà, bí a ti ń jà fún owó oṣù, ó yẹ kí a máa jà fún ara tí yóò ná owó náà.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ìwé yìí lónìí, ọ̀rọ̀ inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ dímú. Kò sí ẹni tí kì í ṣe. Ọ̀rọ̀ tí à ń tijú láti sọ yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, tó sì di ẹ̀bi ru àwa aṣojú òṣìṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní ibi tí a ti ń di ọjà sí páálí. Ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń lé kó tó ṣiṣẹ́. Ní àkókò òjò, ìgbẹ́ gbuuru kọlù ú. Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n jọ ń mu omi láti inú táǹkì kan náà ni inú ń run lákòókò náà. Àwọn márùn-ún yòókù gbádùn. Ti ẹ̀gbọ́n wa kò lọ. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò ní láàbù, wọ́n rí kòkòrò kan nínú rẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn, ìgbẹ́ náà sì dá. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí kòkòrò mọ́. Dókítà kọ ìwé fún un pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ ló padà dé.

Bó bá jẹun tán, inú rẹ̀ á wú bí ìlù. Lónìí ìgbẹ́ rẹ̀ á le, lọ́la á ṣàn. Láàárín ṣíífù kan, ó lè lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọkùnrin tó ń gbé páálí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán tẹ́lẹ̀, bó bá gbé mẹ́wàá péré báyìí, á di ògiri mú. Ó ń sùn, ṣùgbọ́n oorun kò gba àárẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kò ràn án lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa sọ ọ́ ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní ‘Bàbá Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀’, a sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Súfáísọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tó ń lọ. Kúẹ́rì kìíní dé, èkejì tẹ̀ lé e. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wa lè bí dúró lójú gbogbo èèyàn, ó ní, ‘Bàbá, dókítà ti ní ara yín ti yá. Bí iṣẹ́ bá ti sú yín, ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ọ̀dọ́ wá gbà á ṣe.’

Nígbà tí kúẹ́rì kẹta dé ni wọ́n tó ké sí àwa aṣojú òṣìṣẹ́. Kí a má purọ́, àwa náà ṣiyèméjì. Ìwé dókítà wà nílẹ̀ tó ní ara rẹ̀ ti yá. Ọ̀kan nínú wa bi í léèrè nígbà tó ku àwa nìkan pé, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún wa, ṣé kì í ṣe pé ẹ ní iṣẹ́ mìíràn tí ẹ ń ṣe lóru?’ Ọkùnrin náà kò dáhùn. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni a mọ̀ pé a ti ṣe ohun tí kò dára. Ẹni tó sá di wá, a tún ń wò ó bí adájọ́ ti ń wo ọ̀daràn. Ìtìjú yẹn ló mú kí a lọ ṣe ìwádìí. Ohun tí a rí ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́.

A lọ bá dókítà kan tó máa ń gba ẹgbẹ́ wa nímọ̀ràn. Àwa kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì alẹ́ ni a kà. A ní kó fi ọ̀rọ̀ tó lè yé wa ṣàlàyé. Ó wo ìwé láàbù ẹ̀gbọ́n wa, ó ní kòkòrò tí wọ́n rí ń jẹ́ Giardia.

Giardia kì í ṣe aràn. Ojú lè rí aràn. Èyí kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ohun tín-ín-tìn-ìn-tín ni a fi lè rí i. Inú ìfun kékeré, lápá òkè, ló máa ń lẹ̀ mọ́, bí àfòmọ́ ti ń lẹ̀ mọ́ igi kòkó. Kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ìfun gba oúnjẹ sára bó ti yẹ. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ ẹni tó ní i fi máa ń rùn gidigidi, tí í máa yọ̀ bí ẹni pé wọ́n da epo sí i, tí afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, tí ara rẹ̀ á sì máa rù. Ìgbẹ́ ló ń bá jáde. Kó tó jáde, á fi èèpo líle bo ara rẹ̀ bí ìgbín tó wọ inú karawun, á sì lè wà láàyè nínú omi tútù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí mẹ́wàá péré bá wọ ẹnu èèyàn, ó tó láti dá àìsàn sílẹ̀. Kì í sì í mú èèyàn lọ́jọ́ kejì. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Nítorí náà, kì í rọrùn fún èèyàn láti rántí omi tó fà á.

A wá bi dókítà pé, bí kòkòrò náà bá ti kúrò, kí ló dé tí ara kò fi yá? Ó ní òun yóò fi ìtàn ìlú kan dá wa lóhùn. Ìlú náà ni Bergen, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, lápá àríwá Yúróòpù. Òun ni ìlú kejì tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè náà. Ìlú olómi ẹ̀rọ ni, ìlú tí òjò ti ń rọ̀ ṣáá, tí kò sí ẹni tó rò pé omi ilé òun lè ṣe òun ní ibi.

Ní àwọn oṣù tó gbẹ̀yìn ọdún 2004, Giardia wọ inú adágún omi kan tí wọ́n ń pè ní Svartediket, níbi tí apá kan ìlú náà ti ń rí omi mu. Ìwádìí nawọ́ sí páìpù omi ìdọ̀tí tó ń jò láti àwọn ilé tó wà nítòsí adágún náà. Kílórínì ni wọ́n ń dà sínú omi ọ̀hún. Kílórínì ń pa bakitéríà, ṣùgbọ́n Giardia tó ti wọ karawun rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìwọ̀n kílórínì inú omi mímu sí. Kí àwọn aláṣẹ ìlú tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtúnṣe. Àwọn tí láàbù jẹ́rìí sí pé wọ́n ní i lé ní 1,200, àwọn tó kó o láìṣe àyẹ̀wò sì tún pọ̀ jù wọ́n lọ.

Àìsàn náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló jẹ́ kí ìtàn yìí kàn wá. Ohun tí àwọn dókítà Yunifásítì Bergen ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni. Wọn kò ní, ‘Ẹ ti lo oògùn, ẹ máa lọ.’ Wọ́n mú orúkọ àwọn tí láàbù rí kòkòrò lára wọn, wọ́n sì ń kọ̀wé sí wọn láti béèrè bí ara wọn ti rí. Wọ́n tún kọ̀wé sí àwọn ará ìlú kan náà tí wọn kò sí lára àwọn tó ní i, tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 3, nínú 100 àwọn tó ti ní Giardia tí wọ́n fèsì, 46 ló ṣì ń jìyà inú rírun, inú wíwú àti ìgbẹ́ tí kò ṣe déédéé. Láàárín àwọn tí kò ní i, 14 nínú 100 ni. Àárẹ̀ tí kò lọ wà lára 46 nínú 100 àwọn tó ti ní i. Láàárín àwọn kejì, 12 ni. Lẹ́yìn ọdún 10, nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún àìsàn náà ti ń lọ sí ilé-ìwé, inú ṣì ń yọ 43 nínú 100 lẹ́nu, 14 sì ni láàárín àwọn kejì. Àárẹ̀ ti dín kù, ṣùgbọ́n nǹkan bí 26 nínú 100 ló ṣì wà lára wọn, tí ti àwọn kejì sì jẹ́ nǹkan bí 11.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe kòkòrò tó ṣì wà nínú ni wọ́n ń sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kòkòrò náà ti kúrò lára wọn tipẹ́tipẹ́. Olè ti jáde nílé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó fọ́ kò tíì ṣeé tì. Dókítà ṣàlàyé pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ni ọgbẹ́ tí ara ìfun gbà, àwọn bakitéríà rere inú ìfun tí ètò wọn dàrú, àti àwọn iṣan ìfun tó ti wá ń yára mọ ìrora ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ kì í hàn nínú ìgbẹ́ tí a gbé lọ sí láàbù. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti pe ẹni tó ń jìyà rẹ̀ ní òpùrọ́.

Kí a má sọ àsọdùn o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí Giardia mú ní Bergen ni ara wọn padà bọ̀ sípò. Bergen kì í sì í ṣe ìlú tiwa. Níbẹ̀, kòkòrò náà jẹ́ àlejò sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, láti kékeré ni àwọn ọmọ wa ti ń pàdé rẹ̀, nítorí náà a kò lè ṣàdédé gbé iye ti Bergen ka orí ilé-iṣẹ́ wa. Bákan náà, ìyá tó ń bí àárẹ̀ pọ̀: ibà wà, àìtó ẹ̀jẹ̀ wà, ìtọ̀ ṣúgà wà, ikọ́ ẹ̀gbẹ wà, ìrònú náà wà. Ẹni tó bá ń rẹ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bergen fi hàn tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn rẹ̀ mọ́: kòkòrò lè kúrò lára èèyàn, kí ara onítọ̀hún má tíì yá.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń pe àìsàn inú ìfun ní ìmẹ́lẹ́. Láàárín ọdún 1872 sí 1882, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ítálì gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè gba abẹ́ òkè Gotthard kọjá ní Switzerland. Ihò náà gùn tó kìlómítà 15. Ooru mú nínú rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ rin gbindin, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń yàgbẹ́. Ní 1875, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn, èèyàn 4 sì kú. Nígbà tó yá, ojú àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, èémí wọn ń kúrú, wọn kò lè gbé ṣọ́bìrì mọ́. Ní 1880 ni Edoardo Perroncito, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Turin, fi hàn pé aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun ló wà nídìí rẹ̀.

Ní gúúsù Amẹ́ríkà náà, ní 1902, Charles Wardell Stiles sọ pé irú aràn bẹ́ẹ̀ ló ń mú àwọn tálákà abẹ́ ibẹ̀ rọ. Kí ni àwọn oníwèé ìròyìn ṣe? Wọ́n sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wọ́n ti rí ‘kòkòrò ìmẹ́lẹ́’. Aràn yìí wà lọ́dọ̀ tiwa títí dòní. Láti inú ilẹ̀ tí èèyàn yàgbẹ́ sí ló ti ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé sára.

Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Wọn kò gbẹ́ ṣáláńgá, wọn kò pèsè bàtà, aràn wọlé, ẹ̀jẹ̀ tán, wọ́n wá yí padà, wọ́n ń pe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán ní ọ̀lẹ. Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n wa kò yàtọ̀ sí èyí. Táǹkì tí a ti ń mu omi kò ní ìdérí. Kànga ẹ̀rọ tó ń pọn omi sínú rẹ̀ kò jìnnà sí sókàwéè. A mu omi náà nítorí pé òun ni wọ́n fún wa. Nígbà tí omi náà ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ tán, ẹni tó mu ún ni wọ́n kọ kúẹ́rì sí. Wọn kò kọ kúẹ́rì sí táǹkì.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀gá yóò wí. Wọn yóò ní, ‘Bí a bá gba èyí, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò máa ní inú ń run òun.’ Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A kò sẹ́ pé àwọn tó ń sá fún iṣẹ́ wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ogún ọdún láìgba kúẹ́rì kan, tí ìwé láàbù fi hàn pé ó ní kòkòrò, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí àìsàn mú un gan-an ni àárẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣé ìmẹ́lẹ́ ló ṣàdédé wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Fáìlì rẹ̀ wà. Ìwé láàbù wà. Kí ọ̀gá tó fẹ́ mọ òótọ́ kà wọ́n pọ̀.

Kí a wá wo òfin. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní apá 16, fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó rẹ̀, bí dókítà bá jẹ́rìí pé àìsàn ni kò jẹ́ kó wá. Èyí dára, ṣùgbọ́n àìsàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin ni ó bá mu. Àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀, bí èyí tí à ń wí yìí, yóò jẹ ọjọ́ 12 tán kí ọdún tó dé ìdajì. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ fi wà, láti fi àdéhùn kún ibi tí òfin dé. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ náà sọ pé dandan ni kí agbanisíṣẹ́ pèsè omi mímu tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó tó èèyàn lò, tó sì mọ́. Ní 1994, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 155 ti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èyí tó wà lórí ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́. Ní oṣù kẹfà 2022, àjọ náà fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu tí kò sì pa ìlera lára kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́ ní gbogbo ayé. Ẹ̀tọ́ wa ni à ń béèrè, a kò tọrọ báárà.

Ohun tí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ rò pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ gbé lọ síwájú àwọn ọ̀gá nìyí.

Èkíní, omi. Kí wọ́n bo gbogbo táǹkì, kí wọ́n máa fọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì máa yẹ omi wọn wò ní láàbù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó kéré tán. Kí wọ́n lẹ èsì rẹ̀ mọ́ pátákó tí gbogbo wa ti lè kà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé a ti da kílórínì sí i, ó ti parí. Bergen da kílórínì sí tiwọn. Lẹ́yìn àjálù náà, wọ́n ní láti fi sísẹ́ omi àti ìtànṣán tó ń pa kòkòrò kún un.

Èkejì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí omi àti ọṣẹ wà níbẹ̀ ní gbogbo ṣíífù, pàápàá ṣíífù alẹ́. Kí wọ́n sì jáwọ́ nínú kíka iye ìgbà tí àgbàlagbà lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ fífúyẹ́. Ẹni tí láàbù bá jẹ́rìí pé kòkòrò ìfun mú, tí agbára rẹ̀ kò sì tíì padà, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó fúyẹ́ fún oṣù mẹ́ta láìgé owó rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí dókítà tún un yẹ̀ wò, kí gbogbo wa sì jọ jókòó sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin, kúẹ́rì. Kí wọ́n má ṣe kọ kúẹ́rì nítorí àárẹ̀ tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àìsàn dé, àyàfi tí dókítà àti aṣojú òṣìṣẹ́ bá ti sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé àkọsílẹ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá ní ìgbẹ́ gbuuru ní ẹ̀ka kan láàárín oṣù kan, kí wọ́n lọ yẹ omi ẹ̀ka náà wò lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má dúró dìgbà tó bá di mẹ́fà.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe, nítorí bí a bá ń nawọ́ sí ẹlòmíràn, ìka mẹ́ta ló kọjú sí wa. Kí a máa fọ ọwọ́ wa pẹ̀lú ọṣẹ bí a bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé, kí a tó jẹun, àti kí ẹni tó ń se oúnjẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Omi tí kò bá dá wa lójú, kí a sè é. Bó bá ti hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, Giardia ti kú. Kí a má ṣe tún máa sáré lọ sí kẹ́míìsì lọ ra Flagyl mẹ́rin, ká lo méjì, ká tọ́jú méjì sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Oògùn tí a kò lò pé kì í pa kòkòrò tán. Kí a má sì máa pe gbogbo inú rírun ní táífọ́ọ̀dù láìṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ìgbẹ́ bá ń yọ lẹ́nu ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kó gbé e lọ sí láàbù. Bí wọ́n bá wò ó lẹ́ẹ̀kan tí wọn kò rí nǹkan, kó tún gbé e lọ, nítorí Giardia kì í jáde lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn tí mílíìkì sì ń da inú rẹ̀ láàmú, kó yẹra fún un fún ìgbà díẹ̀. Àìsàn náà máa ń fa bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ọjọ́ wo ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í yà? Ọjọ́ wo ni a lọ sí ọsibítù? Kí ni láàbù wí? Ta ni a jọ mu omi? Kí a tọ́jú ìwé wọ̀nyí bí a ti ń tọ́jú ìwé owó oṣù. Ìwé láàbù tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa tọ́jú sínú àpótí aṣọ ni a fi gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí ìwé náà ni, ẹnu lásán ni à bá fi jà.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já sí. A gbé ìwé náà àti ìtàn Bergen padà lọ síwájú àwọn ọ̀gá. Wọ́n fa kúẹ́rì kẹta ya. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ka ọjà tó ń wọlé, iṣẹ́ ìjókòó ni, kò sì jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀díẹ̀, kò tíì yá tán. Ṣùgbọ́n kúẹ́rì méjì àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀, owó ófátáìmù tó pàdánù kò sì tíì padà wá. Wọ́n ti fọ táǹkì, wọ́n sì ti ṣe ìdérí tuntun sí i. Wọn kò tíì yẹ omi inú rẹ̀ wò. Ohun tó kù láti jà fún nìyẹn, a ó sì gbé e síwájú ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀. Kí gbogbo yín wá.

Àwa aṣojú òṣìṣẹ́ ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé rẹ̀, nítorí ìbéèrè tí a bi í lọ́jọ́ náà. Ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n kò tíì tán lọ́kàn tiwa. Súfáísọ̀ lè ṣiyèméjì, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Bí ẹgbẹ́ bá ṣiyèméjì ọmọ rẹ̀ kó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ náà yóò sá lọ?

Nítorí náà, bí ẹnì kejì yín bá ti àìsàn dé, tí ẹ rí i pé ó ń jókòó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má ṣe sọ ọ́ ní orúkọ. Ẹ bi í pé báwo lara, kí ẹ sì bá a gbé páálí méjì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.